Ta Ló Ní Kọ̀ǹpútà Kò Gbọ́ Yorùbá?

Ẹni tó bá dúró lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí ìran wò. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ti pàdé èyí tó gba inú Ọ̀tà lọ sí Ìdíìrókò. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n; àwọn tó fẹ́ lọ gba iṣẹ́ ọ̀sán lọ́wọ́ wọn ń sáré wọ ọkọ̀. Agbèrò ń pariwo, oníbúrẹ́dì ń polówó. Bí ènìyàn bá gbójú sókè díẹ̀, yóò rí pátákó lóríṣiríṣi tó ń pe ènìyàn wá kọ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn pátákó náà tí mo rí tí a fi Yorùbá kọ, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ni gbogbo ènìyàn ń sọ lábẹ́ wọn.

Ọmọ àbúrò mi kan wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òru yẹn. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ló wà. Ó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò rí owó lọ sí yunifásítì. Oṣù mẹ́jọ ló fi tọ́jú owó kí ó tó lọ san owó ẹ̀kọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tí pátákó ń pe ènìyàn sí. Ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dáni lóhùn, èyí tí ènìyàn yóò tẹ bọ́tìnì lórí rẹ̀ tí nǹkan yóò sì ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ó parí, ó gbé ìwé-ẹ̀rí wá fi hàn mí. Mo yọ̀ mọ́ ọn, mo sì ní kí ó ṣàlàyé ohun tí ó kọ́ fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó kà á geerege bí ẹni ka àkọ́sórí, láìṣẹ́jú. Nígbà tí ó dákẹ́, mo ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” Ọmọ náà wolẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn pé, “Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá kọ sí ojú pátákó ni àwa náà máa ń kọ. Tó bá ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Tí kò bá ṣiṣẹ́, a ó pa á rẹ́, a ó tún un kọ.”

Wíwolẹ̀ ọmọ yìí ni ó gbé kálámù lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe òpè. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ ike bá dákẹ́ lóru, òun ni wọ́n ń jí pé kí ó wá wò ó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé wọ́n fi èdè tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ kò gbé kọ́ ọ ní ohun tí inú nìkan lè gbé. Owó oṣù mẹ́jọ sì lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ kan ni, ǹ bá pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín kò kéré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń fi èdè Yorùbá jẹun jó, a yọ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní Àkúrẹ́, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e: láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí a ń fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi dá irú ẹjọ́ yìí: Àkúrẹ́, ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí ìyá alátà ọjà Ọba ti lè fi Yorùbá ṣe ìṣirò èrè àti àdánù láìfọwọ́ kan bébà!

Èrò mi kò fara sin. Irọ́ ni pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Irọ́ náà ń ná àwọn ọmọ wa lówó, ó ń ná wọn ní ọdún orí wọn, ó sì ń sọ wọ́n di adàwékọ níbi tí wọn ì bá ti di oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tó ń pa irọ́ náà pọ̀. Ìjọba wà lára wọn, àwọn onílé-ẹ̀kọ́ aládàáni wà lára wọn, àwa olùkọ́ Yorùbá pàápàá kò sì mọ́ lọ́rùn. N óò dé orí tiwa láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ní Yorùbá kò tó. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “Níbo ni ọ̀rọ̀ wà? Kí ni Yorùbá ń pe èyí? Kí ni Yorùbá ń pe tọ̀hún?” Èsì mi ni pé kí wọ́n bá mi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ṣoṣo ní ọ̀nà Ìdíìrókò. Ọ̀gá náà kò ka ìwé lọ títí. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ bí ó ti ń kọ́ wọn: “Kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Bí epo bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa ru èéfín dúdú. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, yóò máa kọ̀ láti jí. Wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí o mọ èwo ni.” Kabúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì, púlọ́ọ̀gì: àlejò ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gba àlejò lálejò? Yorùbá ni. Yorùbá ni ó sọ ohun tí kabúrétọ̀ ń ṣe, ìdí tí ó fi ń ṣe é, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é. Orúkọ nìkan ni a yá. Òye jẹ́ tiwa. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé ilẹ̀ wa ni irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sí mínísítà tó kéde pé ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe ní èdè Yorùbá ń fìdí rẹmi lójú ọ̀nà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rù bà wá, báwo ni ó ti rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀? Kò wá a lọ sí ọ̀run. Ó mú ohun tó wà nílẹ̀, ó fún un ní iṣẹ́ tuntun. Okùn lásán ni ó sọ di “string” tí í ṣe ọ̀wọ́ lẹ́tà. Èkúté ilé ni ó sọ di “mouse” tí ọwọ́ ń tì kiri. Kòkòrò ni ó pe àṣìṣe inú iṣẹ́. Òwú aláǹtakùn ni “web” fúnra rẹ̀. Bí ọ̀gbẹ́ni Gẹ̀ẹ́sì bá lè mú èkúté, okùn, kòkòrò àti aláǹtakùn kọ́ ilé ìmọ̀, kí ni ó ṣe Yorùbá tí kò fi lè mú igbá, ilẹ̀kùn àti àmàlà kọ́ ọ?

Mo sọ igbá, ilẹ̀kùn àti àmàlà nítorí pé àwọn gan-an ni mo fi kọ́ ọmọ àbúrò mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìwé ewì àti gírámà ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, n kò sì mọ nǹkan kan nínú ọ̀ràn yìí tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà kó ìwé tí ó kọ fún mi, mo kà á, mo wá èyí tó yé mi, mo béèrè èyí tí kò yé mi lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, èmi àti òun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, “Ilé ni ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. HTML ni ó ń mọ ògiri rẹ̀, tó ń sọ pé yàrá rèé, ẹnu ọ̀nà rèé. CSS ni ọ̀dà tí a fi kùn ún. Ṣùgbọ́n ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, ta ni yóò dá a lóhùn? JavaScript ni ẹni inú ilé. A ó sọ fún un pé, dẹtí sí ilẹ̀kùn yìí. Bí wọ́n bá kàn án, ṣe báyìí báyìí.” Ọmọ náà ní, “Ohun tí wọ́n ń pè ní addEventListener nìyẹn!” Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìmọ̀ pé dídẹtí sílẹ̀ ni.

Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ oníbàárà ni JavaScript ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí ó ronú sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò ní ẹnu géètì, gbogbo fọ́ọ̀mù ni yóò dé orí tábìlì ọ̀gá kí a tó mọ̀ pé ẹnìkan gbàgbé láti kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Wọn yóò sì dá a padà, ẹni náà yóò tún gba ọkọ̀ padà wá. Bí ẹni ẹnu géètì bá wà, lójú ẹsẹ̀ ni yóò sọ fún un. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ka ojú-ewé ni ẹnu géètì. Kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lókèèrè ni tábìlì ọ̀gá. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ra dátà díẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ra iyọ̀, iṣẹ́ tí a bá ṣe tán ní ẹnu géètì jẹ́ àǹfààní ńlá fún wọn. Mo wá fi kún un pé kí ọ̀gá má torí pé géètì wà kí ó má tún fọ́ọ̀mù yẹ̀ wò, nítorí ẹni tó bá gbọ́n lè fo ọgbà wọlé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ èyí fún àwọn rí.

A dé orí “if” àti “else”. Kí ni ó tún kù níbẹ̀ fún ọmọ Yorùbá? Bí òjò bá ṣú, kó aṣọ wọlé; bí kò bá ṣú, fi wọ́n sílẹ̀. Ta ni ìyá rẹ̀ kò bá sọ bẹ́ẹ̀ rí? A dé orí “function”. Mo ní, “Bí a bá ti kọ́ ọmọ bí a ti ń ro àmàlà lẹ́ẹ̀kan, a kì í tún sọ fún un lójoojúmọ́ pé gbé omi kaná, jẹ́ kí ó hó, da èlùbọ́ sí i. ‘Ro àmàlà’ ni a ó sọ. Ohun kan ṣoṣo tí yóò bi wá ni pé, fún ènìyàn mélòó?” Ó lanu, ó pa á dé. Ó ní, “Iye ènìyàn yẹn ló máa wà nínú àkámọ́.” Mo ní ó kúkú wà níbẹ̀. “Variable” di igbá tí a kọ orúkọ sí lára. Igbá tí a fi “let” sọ lórúkọ, a lè da ohun inú rẹ̀ nù kí a bu òmíràn sí i. Èyí tí a fi “const” sọ lórúkọ, ohun tí a bá kọ́kọ́ gbé sí i ni yóò máa jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kan nìyẹn. N kò sọ pé ó di ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ohun tí mo sọ ni pé láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá kọ̀, kì í pa á rẹ́ mọ́. Á wò ó, á sì wá ìdí tí ó fi kọ̀.

Ohun kejì tí wọ́n máa ń sọ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè JavaScript fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá Gẹ̀ẹ́sì mu. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ara rẹ̀ kò tó ọgọ́ta. Àlejò tó bá kọjá bíríìjì Ṣàngó lọ sí ọjà lójoojúmọ́ yóò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù kan, kò sì ní í sọ fún wa pé òun ti gbọ́ Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò ní ìtumọ̀ kan tí ẹnì kan gbọdọ̀ máa bẹ̀rù. Ọ̀gbẹ́ni Brendan Eich ni ó ṣe é ní oṣù karùn-ún ọdún 1995 ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ó fi ṣe àkọ́ṣe rẹ̀. Mocha ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Wọ́n yí i sí LiveScript. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún sọ ọ́ ní JavaScript, nítorí pé èdè mìíràn tí ń jẹ́ Java ń tà lọ́jà nígbà náà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Ní ọdún 1997 tí wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, ECMAScript ni wọ́n kọ sí orí ìwé òfin. Orúkọ tí àwọn tó bí i ń pààrọ̀ bí aṣọ ijó, ṣé òun ni a ó ní ó ga ju ẹnu Yorùbá lọ?

Ní ọdún 1995 kan náà, ọmọ Jàpáànù kan tí ń jẹ́ Yukihiro Matsumoto gbé èdè kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde. Ruby ni orúkọ rẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, èdè Jàpáànù ni a fi kọ púpọ̀ nínú ìwé àlàyé rẹ̀. Ará ilé ni ó kọ́kọ́ yé. Ìgbà tí ó gbó lọ́wọ́ ará ilé ni ayé yòókù wá a wá, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé lé e lórí. Ará Jàpáànù kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Wọ́n jẹun nílé kí wọ́n tó lọ sí òde àríyá ni. Ọmọ tó bá ti fi Yorùbá mọ ohun tí “return” ń ṣe yóò fi ìrọ̀rùn kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ọmọ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan kò tíì mọ nǹkan kan.

Ohun kẹta ni ti ìdánwò tí ìjọba fi ń ṣẹ̀rù bà wá. Ìtàn kò tíì gbàgbé Modákẹ́kẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì àti ní ìmọ̀ àwùjọ, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè, lábẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Yorùbá láàárín ọ̀nà, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Èyí kì í ṣe àhesọ. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1989. Ẹni tó bá fẹ́ wọ́gi lé èdè abínibí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fún Modákẹ́kẹ́ lésì. Ọmọ tó fìdí rẹmi níbi tí olùkọ́ kò sí, tí ìwé kò sí, tí àga kò sí, ṣé èdè ìyá rẹ̀ ni ó fìdí rẹ̀ rẹmi?

Wàyí o, mo ní n óò dé orí tiwa. Àgbà tó bá ń bá ará ìta jà tí kò wo inú ilé ara rẹ̀ kì í ṣe àgbà. Àwa olùkọ́ Yorùbá ní ẹ̀bi, mo sì wà lára wọn.

Àwọn ọ̀gá wa ṣe iṣẹ́ akin. Wọ́n kó Èdè-Ìperí Yorùbá jọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní ọdún 1990. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni a fi ń kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá lónìí láìta kókó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ilẹ̀kùn, kí ni púpọ̀ nínú àwa tí a tẹ̀lé wọn ṣe? Sísùn ni a sùn. Àwọn díẹ̀ tí kò sùn ni kí Elédùmarè bá wa kẹ́. Dókítà Túndé Adégbọlà dá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún èdè Áfíríkà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó orúkọ Yorùbá jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àmì ohùn. Ọmọ Yorùbá kan tilẹ̀ fi JavaScript ṣe Yorlang, èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ẹ wò ó bí púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí kò ti jókòó sí ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì kankan.

Dípò kí a ṣiṣẹ́, ariwo ni àwọn kan nínú wa ń pa. Wọ́n ní Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní ayé. Lóòótọ́, ojú odù mẹ́rìndínlógún ni ó wà, tí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn so mọ́ra, wọ́n di 256. Àmì mẹ́jọ ni odù kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan àmì sì jẹ́ ẹyọ tàbí méjì. Ìṣirò kan náà ni kọ̀ǹpútà fi ń ka àyè mẹ́jọ tí ó jẹ́ òdo tàbí ení. Ohun àmúyangàn ni. Ṣùgbọ́n babaláwo kì í fi ogún baba rẹ̀ yangàn láìkọ́ Ifá. Ọdún púpọ̀ ni ó fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó ń pariwo 256 tí kò lè kọ ìlà kan fún kọ̀ǹpútà, tí kò sì lè kì odù kan, ọmọ tó ń fi oko baba rẹ̀ yangàn tí ebi ń pa ni.

Ẹ̀bi wa tó burú jù ni ti àmì ohùn. Èyí ni mo fi ojú ara mi rí. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣẹ́, a pinnu pé kí a ṣe ojú-ewé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Yóò sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi àmì tó yẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, ojú-ewé yóò sì dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá ó gbà á tàbí ó ṣì í. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun: àwọn yìí ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó dára lójú wa. Mo gbé e dé kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ “ọkọ̀”, ojú-ewé ní ó ṣì í. Ó tún un kọ, ó tún ní ó ṣì í. Mo wò ó, ó gbà á! Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan lẹ́yìn ní, “Ẹ ò rí i, kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá.”

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ọ̀sẹ̀ kan ni èmi àti ọmọ náà fi wá ìdí rẹ̀. Ohun tí a rí nìyí. Lẹ́tà “ọ̀” tí ojú wa rí bí ẹyọ kan, kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀nà tó ju ọ̀kan lọ. Ó lè mú “ọ” tó ti ní ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó gbé àmì ìsàlẹ̀ lé e lórí: ó di méjì. Ó sì lè mú “o” lásán, kí ó fi ẹsẹ̀ sí i, kí ó tún gbé àmì lé e: ó di mẹ́ta. Fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ ní ọ̀nà kan, èmi kọ ọ́ ní òmíràn. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú JavaScript tó ń kà wọ́n léní-èjì, wọn kò dọ́gba. “À” àti “é” ní àyè kan ṣoṣo tiwọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, torí pé àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n. Wọn kò fún “ọ̀” àti “ẹ́” ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ṣé kò ní oògùn ni? Ó ní in. Láti ọdún 2015 ni òfin JavaScript ti ní iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ “normalize”, tó ń mú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí padà sí ẹyọ kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ọ̀rọ̀ kan péré ni a fi kún un, ojú-ewé wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdájọ́ òdodo. Bákan náà ni ti ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Bí a kò bá sọ fún un, yóò to ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ” sí ẹ̀yìn “y”, bí ẹni pé ẹrú ni “ẹ” jẹ́ nínú lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wa. Bí a bá sọ fún un pé Yorùbá ni, yóò fi “ẹ” tẹ̀lé “e”, yóò fi “gb” tẹ̀lé “g”, yóò sì fi “ṣ” tẹ̀lé “s”. Ó mọ̀ ọ́n! Wọ́n tilẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìdíìrókò yìí kọjá ẹnubodè dé Bẹ̀nẹ̀, àwọn ìbátan wa níbẹ̀ ń kọ “ɛ” níbi tí àwa ń kọ “ẹ”. Kọ̀ǹpútà ti gbọ́ Yorùbá tipẹ́. Àwa ni a kò bá a sọ̀rọ̀. Olùkọ́ Yorùbá tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ láìsí àmì, tó ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá láìsí àmì, òun gan-an ni ó ń sọ fún ayé pé àmì kò ṣe pàtàkì. Kí ni yóò wá mú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ka ohun tí onílé kò kà sí?

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí àwọn tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Ṣàngó, ní Ọ̀tà àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá máa fi èdè tí ọmọ ń ronú ṣàlàyé. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àjèjì sílẹ̀ bí ó ti wà lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi Yorùbá sọ iṣẹ́ rẹ̀, bí mẹkáníìkì ti ń ṣe. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Èkejì, kí ẹ̀ka èdè Yorùbá ní gbogbo yunifásítì sọ ọ́ di dandan pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í jáde láìmọ bí a ti ń ṣe ojú-ewé tó ń dáni lóhùn, tó kéré tán ẹyọ kan, ní Yorùbá tó ní àmì. Yunifásítì Covenant wà ní Ọ̀tà láti ọdún 2002, ti Bells náà sì wà nítòsí rẹ̀. Ilẹ̀ Awórì ni wọ́n tẹ̀ dó sí. Kò ha yẹ kí ìmọ̀ tó wà nínú ọgbà náà gbọ́ èdè tó wà lẹ́yìn odi? Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá tún jókòó, bí àwọn ọ̀gá wa ti jókòó, kí wọ́n ṣe èdè-ìperí ti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ́ra. Èyí tí mo fi igbá àti àmàlà ṣe lè má jẹ́ èyí tó dára jù. Kí ẹni tó ní èyí tó dára jù mú un wá. Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba gbé ìlànà tí wọ́n wọ́gi lé padà sórí tábìlì, kí wọ́n sì fún un ní ohun tí a kò fún un rí: olùkọ́, ìwé àti àkókò.

Ọmọ àbúrò mi ṣì wà ní ilé-iṣẹ́ oníke. JavaScript kò tíì sọ ọ́ di olówó, n kò sì ní í fi irọ́ gbe òtítọ́ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí ó bá ti sun oorun iṣẹ́ òru, àwọn ọmọ mẹ́ta láti àdúgbò máa ń wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ iṣẹ́ télọ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọjá, mo gbọ́ tí ọmọ télọ̀ yìí ń bi í léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí a fi ní láti kọ iye ènìyàn sínú àkámọ́?” Ọmọ àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Jókòó dáadáa. Ṣé o ti ro àmàlà rí?”

Mo bá tèmi lọ. Ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, wọn kò sì nílò mínísítà níbẹ̀.